Láti Orí Kan sí Orí Mìíràn

Irun tó wà lórí àgbàlagbà kan tó 100,000. Ihò kọ̀ọ̀kan tí irun ti ń hù ló ní ìgbà tirẹ̀: irun inú rẹ̀ á dàgbà fún ọdún méjì sí mẹ́fà, á máa gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, á wá sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, á re, òmíràn á sì yọ lójú ihò kan náà. Irun 50 sí 100 ló ń re lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, torí náà irun tó bá òòyà jáde láàárọ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orí pípá. Orí ń pá nígbà tí irun bá re tí ihò rẹ̀ kò sì rí irú rẹ̀ mú jáde mọ́, tàbí tí èyí tó mú jáde bá tín-ín-rín tó sì kúrú débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ọ̀nà tí irun ń gbà lọ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín ọkùnrin ni èyí tí wọ́n ń jogún: họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní DHT, tí ara ń fà yọ láti inú họ́mónù ọkùnrin, máa ń mú kí ihò irun iwájú orí àti ti àtàrí sún kì díẹ̀díẹ̀. Ihò irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀bá etí kì í ka họ́mónù yìí sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ apárí fi ń ní irun yíká ẹ̀yìn orí títí di ọjọ́ ogbó. Àrùn alopecia areata kò rí bẹ́ẹ̀: agbára tí ara fi ń lé àrùn jáde ló ń ṣìnà, tó ń gbógun ti irun, orí á sì pá ní róbótó-róbótó. Oògùn jẹjẹrẹ ń gbọn irun dànù nítorí ohunkóhun tó bá ń dàgbà kíákíá nínú ara ni ó ń lépa. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ lè rán irun púpọ̀ lọ sínú ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n wá re ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Irú èyí sábà máa ń padà fúnra rẹ̀. Ojú àpá iná kì í hu irun. Irun tí wọ́n bá sì ń fà ní àfàle lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ á kú bó bá pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí irun rẹ̀ ń re, ó yẹ kí ó mọ èyí tó ń ṣe é nínú gbogbo wọ̀nyí. Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ nìyí. Ìyá ọmọ tí irun rẹ̀ re lẹ́yìn ìbímọ, tí ìbá rí i padà láàárín ọdún kan láìná kọ́bọ̀, ni wọ́n máa ń ta òróró olówó gọbọi fún. Nígbà tí irun bá yọ ní àsìkò tirẹ̀, òróró ni yóò gba ọpẹ́, ìyá náà á sì júwe rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó iṣẹ́ ìrọ́pò irun kì í sábà sọ: kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń dá irun ààyè tuntun. Dókítà ń ṣí irun kúrò ní ìpàkọ́ lọ sí iwájú orí. Oníwíìgì ń ṣí i kúrò lórí obìnrin kan ní Íńdíà lọ sórí obìnrin mìíràn ní Èkó tàbí ní Chicago. Ẹni tó ń ta oògùn ń di irun tó kù mú kí ó má baà lọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìbéèrè tó yẹ kí ó bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún orí rẹ̀ ṣe: níbo ni irun náà ti ń bọ̀, kí ni yóò sì ṣẹ́ kù síbẹ̀?

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ará Jàpáànù kan, dókítà Shoji Okuda, ti kọ̀wé ní 1939 nípa bó ṣe ń gé awọ orí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú irun inú rẹ̀ gbìn sí ojú àpá. Èdè Jàpáànù ló fi kọ ọ́, ogun sì dé, kò tàn kálẹ̀. Ní 1952 ni Norman Orentreich, dókítà awọ ara ní New York, ṣe irú rẹ̀ fún ọkùnrin tó pá lórí nítorí ìran. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1959, ohun tó sì fi hàn nínú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé títí di òní: irun tí wọ́n bá ṣí nípò kì í kọ́ ìwà ibi tuntun tó dé. Irun ìpàkọ́ tí wọ́n gbìn síwájú orí á máa hù bí irun ìpàkọ́, DHT kò sì ní rí i ṣe níbẹ̀ bí kò ṣe rí i ṣe níbi tó ti wá.

Awọ tí wọ́n ń gé nígbà náà fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin, irun bíi mẹ́wàá sí ogún ló sì máa ń wà nínú ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n síwájú orí, ìdì-ìdì ni wọ́n ń hù jáde, bí orí ọmọlangidi. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbé irú orí bẹ́ẹ̀ kiri fún ọgbọ̀n ọdún. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà wá ń fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo awọ, tí wọ́n ń yà á sí ìdì kéékèèké bí ara fúnra rẹ̀ ṣe tò wọ́n, irun kan sí mẹ́rin nínú ìdì kan. Wọ́n á gé ọ̀já awọ gbọọrọ kan ní ìpàkọ́, wọ́n á ran ojú rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì tú irun inú rẹ̀ palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpá gígùn kan ló máa ń ṣẹ́ kù, ẹni tó bá fẹ́ràn kí wọ́n gẹ irun òun mọ́lẹ̀ kò sì lè fi í pamọ́. Ní 2002, William Rassman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn: wọ́n ń fi abẹ olójú róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, yọ ìdì irun ní ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Àpá rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tótòtó ló rí, irun sì ń bò ó. Wọ́n ń pè é ní FUE, òun ló sì sọ Istanbul ní Tọ́kì di ìlú tí ọkùnrin ń wọkọ̀ òfuurufú lọ nítorí orí.

Ní Istanbul, owó kan ṣoṣo ni oníbàárà máa san fún iṣẹ́ abẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn dókítà tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀, wọn ò sì kéré níye. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àwọn tí kì í ṣe dókítà ló ń di abẹ mú láti àárọ̀ dalẹ́, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà tó ń gbin irun sì ti ń kìlọ̀ nípa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí àṣìṣe wọn ti ń le jù ni ìpàkọ́. Irun ibẹ̀ ní òdiwọ̀n; èyí tí wọ́n bá mú kò ní hù padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n gbin iwájú orí rẹ̀ bí ti ọmọdé, tí àtàrí rẹ̀ sì tún ń pá lọ ní tirẹ̀, lè rí i ní ogójì ọdún pé irun wà níwájú, irun wà lẹ́yìn, àárín sì ṣófo, kò sì sí nǹkan kan tó kù ní ìpàkọ́ tí wọ́n lè fi dí i. Dókítà tó bá sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé kí ó lọ ná, kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ti ṣe é lóore ju èyí tó gbé abẹ lójú ẹsẹ̀.

Irun ènìyàn dúdú tún ní ìṣòro tirẹ̀. Kíká tó ká lójú awọ náà ló ká nínú awọ. Abẹ tó bá wọlé tààrà á gé gbòǹgbò rẹ̀ láàárín, irun tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín kò sì ní hù. Ó gba ọwọ́ tó ti mọ irú irun bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú gọngọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú. Kíká yìí náà ní àǹfààní tirẹ̀: irun díẹ̀ tó ká ń bo ojú awọ ju irun púpọ̀ tó nà lọ, nítorí náà ìdì tó kéré lè tó.

Oògùn méjì ló ti pẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nítorí irun. Minoxidil jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1979. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú àti lápá àwọn tó ń lò ó, ilé iṣẹ́ Upjohn sì sọ ọ́ di omi ìfiparí, ó dọjà fún orí pípá ní 1988. Ti finasteride tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde nípa àwọn ìdílé kan ní ilẹ̀ Dominican Republic tí wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ tí wọ́n dà bí obìnrin ní kékeré, tí ara wọn wá ń di ti ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń bàlágà. Ara àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lè fa DHT yọ bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n dàgbà, orí wọn kì í pá, kókó pírọ́sítéètì wọn sì kéré. Ilé iṣẹ́ oògùn Merck tọ ipa ìmọ̀ yìí: finasteride dé ní 1992 fún pírọ́sítéètì tó wú, ní 1997 ó dé fún orí pípá ní ìwọ̀n tó kéré sí i. Àwọn kan ń ní ìṣòro ìbálòpọ̀ lórí rẹ̀, obìnrin tó lóyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ohun tó pa oògùn méjèèjì pọ̀ ni pé ọjọ́ tí ènìyàn bá dáwọ́ dúró ni irun tí wọ́n dì mú ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, orí á ti dé ibi tí ìbá dé bí kò bá lò wọ́n rárá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba ọ̀nà abẹ, wọn ò sì gba ti oògùn. Irun ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé wọ̀. Irun rírán mọ́ orí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí ní orúkọ obìnrin kan nídìí rẹ̀. Christina Jenkins, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wíìgì ní Chicago lópin àwọn ọdún 1940, ó sì ń rò ó bí wíìgì ìbá ṣe dúró lórí láìyẹ̀. Ohun tó ṣe kò ṣàjèjì sí ìdílé dúdú kankan: ó di irun oníbàárà mọ́ awọ orí, ó sì ran ìtò irun mìíràn mọ́ orí irun dídì náà. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ ohun tó hùmọ̀ ní 1952, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ náà ní Cleveland. Gbogbo wífọ́ọ̀nù tí wọ́n ń rán ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti Ìbàdàn dé London, ìlànà kan náà ni: irun dídì nísàlẹ̀, irun ọjà lókè.

Láàárín àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, Sy Sperling ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Apárí ni òun fúnra rẹ̀, ó dá Hair Club for Men sílẹ̀ ní New York ní 1976, ó sì gbé àwòrán orí ara rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó pá àti èyí tó nírun, pé òun tí òun ni ilé iṣẹ́ náà tún jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ohun tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà ni léèsì fẹ́lẹ́ tàbí awọ rọ́bà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ so irun mọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni òṣìṣẹ́ kan fi ń so odindi léèsì kan. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pá, wọ́n á sì gẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ irun tó kù. Ó máa ń dùn ún wò, ènìyàn lè fi wẹ̀, ó lè fi sùn. Ṣùgbọ́n irun orí ń hù nísàlẹ̀, òógùn ń yọ́ gọ́ọ̀mù, nítorí náà oníbàárà gbọ́dọ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un lẹ̀. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, léèsì á ti ya, wọ́n á ra òmíràn. Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lé e kì í ṣe owó rẹ̀. Owó rẹ̀ ni iye tí yóò máa ná ènìyàn lọ́dọọdún títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Aderans, ilé iṣẹ́ Jàpáànù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ló ra Bosley tó ń fi abẹ gbin irun ní 2001, òun náà ló tún ra Hair Club ní 2013; ẹni tó kọ abẹ, ọwọ́ olówó kan náà ló tún bọ́ sí nígbà tó yan gọ́ọ̀mù.

Irun tí wọ́n ń so mọ́ léèsì wọ̀nyí, orí àwọn ènìyàn ló ti wá, àwọn wo sì ni? Ní tẹ́ḿpìlì Tirumala, lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, àwọn olùjọsìn òrìṣà Venkateswara ń fárí láti fi san ẹ̀jẹ́: nítorí ọmọ tó rí ìwòsàn, nítorí ìdánwò tó yege, nítorí gbèsè tó tán. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ń fi abẹ fá wọn tọ̀sán-tòru nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Kalyanakatta. Olùjọsìn kì í gba kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó tẹ́ḿpìlì náà ló ń to irun ní gígùn-gígùn, tó ń tà á ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ sì ń wọlé fún iṣẹ́ tẹ́ḿpìlì. Irun gígùn tí orí àti ìdí rẹ̀ dojú kọ ibì kan náà ni ọjà ń pè ní Remy, òun ló wọ́n jù, nítorí kì í lọ́ mọ́ra wọn. Ní 2004, àwọn rábì kan sọ pé irun tí wọ́n fi sin òrìṣà ni, kò yẹ kí àwọn obìnrin Júù tó ń fi wíìgì borí lẹ́yìn ìgbéyàwó lò ó; ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Brooklyn ló sun wíìgì wọn níta gbangba.

Kì í ṣe orí tẹ́ḿpìlì ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú irun ọjà jẹ́ èyí tó re sínú òòyà. Àwọn tó ń kiri ní abúlé Íńdíà, Bangladesh àti Myanmar ń fi ohun èlò kékeré tàbí owó díẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ní ìkọ́-ìkọ́, àwọn obìnrin mìíràn á sì jókòó tú ìkọ́ náà ní ẹyọ-ẹyọ fún owó táṣẹ́rẹ́. Nítorí pé orí àti ìdí irun bẹ́ẹ̀ ti dàpọ̀, wọ́n ń fi ásíìdì bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sì fi sílíkónì pa á kó lè máa dán. Dídán náà kì í ju ìfọ̀ mélòó kan lọ. Ìlú Xuchang ní Henan, ní Ṣáínà, ni ojúkò iṣẹ́ yìí. Orúkọ tó wà lára ọ̀rá ní ọjà Balógun ní Èkó, bíi irun Brazil tàbí irun Peru, bí irun ṣe rí ló ń sọ. Kò sọ ibi tó ti wá. Kò sí ìdí tí oníbàárà fi gbọ́dọ̀ máa san owó ìrìn àjò Brazil fún irun tí kò débẹ̀ rí.

Ìṣèlú náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Amẹ́ríkà fòfin de irun tó bá ti Ṣáínà wá. Kòríà Gúúsù gba ọjà náà, wíìgì sì di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun. Àwọn ará Kòríà tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà irun níbẹ̀ ṣì wà. Ní Nàìjíríà, àtáṣímẹ́ńtì olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe irun ènìyàn rárá. Òwú oníkẹ́míkà ni, irú èyí tí Kaneka ti Jàpáànù ń ṣe lábẹ́ orúkọ Kanekalon. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó náà: X-Pression ń jáde láti ilé iṣẹ́ Solpia, Rebecca ti Xuchang sì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà Yorùbá kì í fi irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀; wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sin ín tàbí kí wọ́n sun ún, kí ọwọ́ ẹni ibi má baà tẹ̀ ẹ́, nítorí irun jẹ́ ara ẹni tó ni ín. Bí irun àjèjì ṣe wá di ohun tí à ń rù lọ sóde láìbéèrè orí ẹni tó ti kúrò tó ohun tó yẹ kí ènìyàn rò. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ni pé obìnrin tó fi irun náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ tàbí tó fi í pààrọ̀ nǹkan kékeré kò mọ iye tí wọ́n padà tà á, ẹni tó rà á kò sì mọ̀ pé ẹnì kankan wà nídìí rẹ̀.

Ìpalára tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí, iwájú orí ni ó wà. Ní 1907 ni dókítà kan kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, lára àwọn obìnrin Greenland tó ń fa irun wọn dì sókè gan-an: ẹ̀bá iwájú orí wọn ń pá. Ohun kan náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin wa. Irun dídì tó le, àtáṣímẹ́ńtì tó wúwo, wífọ́ọ̀nù tí wọ́n rán mọ́ irun tí rìláásà ti sọ di ẹlẹgẹ́, wíìgì léèsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ etí irun tí wọ́n sì ń já lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ń fa gbòǹgbò kan náà. Orí á kọ́kọ́ máa ro, kókó wẹ́wẹ́ á yọ sí ìdí irun. Ní àsìkò yìí, bí wọ́n bá tú u, irun á padà. Bí oníbàárà bá ní ó ń ro òun, tí onídìrí sì ní kó fara dà á, yóò rọ̀ tó bá di ọ̀la, ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wọlé. Nígbà tó bá yá, awọ á dán, ihò á dí, wíìgì tó fà á náà ni wọ́n á sì rà láti fi bò ó. Ọjà tó ń ta ìbòrí fún ọgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá kò ní ìdí láti kìlọ̀, nítorí náà ẹnu onídìrí ni ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Irun tí wọ́n fi òwú kó tí kò le, ṣùkú tí wọn ò fà ní iwájú, àti ìsinmi láàárín irun kan àti òmíràn, onídìrí tó mọṣẹ́ mọ gbogbo wọn.

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru onídìrí, síbẹ̀. Irú orí pípá kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí àwọn obìnrin dúdú, tó ń fi àpá dí ihò irun bó ṣe ń tàn kálẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, òòyà gbígbóná àti rìláásà nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi fún un. Ní 2019, ìwádìí kan nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé nǹkan tó yí padà nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní PADI3 wà lára àwọn kan tó ní i. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀ ní láti tètè rí dókítà awọ ara, kí ihò tó dí, nítorí irun tí wọ́n bá gbìn sínú awọ tí àrùn náà ṣì ń jà nínú rẹ̀ á kú bí ti àkọ́kọ́.

Fún ẹni tí jẹjẹrẹ mú, wíìgì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó jẹ́ kí obìnrin lè wọ ọjà láìsí pé gbogbo ojú ń bi í léèrè. Ní England, NHS, ètò ìlera ìjọba, ń pèsè wíìgì, lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọdé àti àwọn kan tí owó wọn kò tó, ẹgbẹ́ Little Princess Trust tó bẹ̀rẹ̀ ní Hereford ní 2006 sì ń fi irun tí àwọn ènìyàn gé fi tọrẹ ṣe wíìgì ọ̀fẹ́ fún ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, lẹ́yìn owó oògùn. Ní ti alopecia areata, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib ní 2022, oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún èyí tó le nínú rẹ̀. Ó ń dá agbára ara tó ṣìnà dúró, irun á sì tún hù láti inú ihò tí kò kú.

Ibi tí irun tuntun ti yọ ní tòótọ́, yàrá ìwádìí ni. Ní 1999, Colin Jahoda ní Yunifásítì Durham mú ẹran ara díẹ̀ láti ìdí irun orí ara rẹ̀, wọ́n gbìn ín sí apá ìyàwó rẹ̀, Amanda Reynolds, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, irun sì hù níbi tí irun orí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní 2013, Jahoda pẹ̀lú Claire Higgins àti Angela Christiano mú irú ẹran bẹ́ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó ṣù jọ nínú ẹ̀kán omi tó sorọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì fi í sínú awọ ènìyàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eku. Nínú awọ méje, márùn-ún hu irun. Irun náà kéré, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa darí ibi tó máa kọjú sí tàbí bí yóò ṣe ká, kò sì tíì dé ilé ìwòsàn kankan fún títà.